Ta Ló Dúró Lẹ́yìn Warlock? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà tí ẹ kọ nípa Warlock pọ̀ débi pé mo pinnu pé òun nìkan la ó sọ lóṣù yìí. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, Dungeons & Dragons ni eré tí àwọn ènìyàn máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ẹ̀dá-ìtàn kan (Warlock, tó ń pidán, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn), ẹnì kan á sì máa darí ìtàn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní DM. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé eré náà jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Warlock bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún 2004 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá-ìtàn tó dá dúró, ó bọ́ sínú ìwé òfin tí gbogbo òṣèré fi ń bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ìwé òfin 2014 ló sì sọ ọ́ di ẹni tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè nípa rẹ̀. Bí mo bá sọ nọ́ńbà kan láìsọ ibi tó ti wá, ìwé 2014 ni mo ń tẹ̀ lé.

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré yìí ni. Mo mú Warlock nítorí pé bí wọ́n ṣe yàwòrán rẹ̀ wù mí. Nígbà tí DM wa bi mí pé ta ló fún un lágbára, mo ní ànjọ̀nú kan ni. Ó ní ìyẹn kò tó, pé kí n lọ rò ó sí i. Kí ló kù tí mo fẹ́ rò? Ṣé dandan sì ni kí Warlock jẹ́ ènìyàn burúkú?
*Àlejò nídìí eré*

Àbúrò mi, DM yín mọ ohun tó ń ṣe. Nínú gbogbo àwọn tó ń pidán nínú eré yìí, ọ̀nà tí Warlock gbà dé ìdí agbára rẹ̀ yàtọ̀. Wizard jókòó ti ìwé títí ó fi mọ̀ ọ́n. Sorcerer bá a nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Cleric ń jọ́sìn, a sì ń dá a lóhùn. Warlock lọ bá ẹnì kan tó ju ènìyàn lọ, wọ́n dúnàá dúrà, wọ́n sì mulẹ̀. Bí o kò bá mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ lọ́jọ́ náà, o kò tíì mọ ẹ̀dá-ìtàn rẹ. Wizard tí idán rẹ̀ kéré lo kàn mú jókòó.

Baba ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni ìwé òfin kọ́kọ́ gbé síwájú wa, ìwà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbìn sínú Warlock rẹ̀ kò sì jọra. Èyí tí ìwọ mú ni Fiend, ànjọ̀nú ńlá bíi Asmodeus tàbí Orcus. Ànjọ̀nú mọ ohun tó ń rà, ó sì mọ iye tó fẹ́ rà á. Wo ẹ̀bùn àkọ́kọ́ tó ń fún ọmọ rẹ̀: ìwé pè é ní Dark One's Blessing. Nígbàkígbà tí Warlock náà bá dá ọ̀tá dé ẹ̀mí òdo, òun á gba àmì ẹ̀mí àfikún, iye Charisma rẹ̀ (ìyẹn agbára ìfanimọ́ra rẹ̀) àti ìpele rẹ̀ (ibi tó dàgbà dé nínú eré) ní àròpọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ ń yá nígbà tí ẹlòmíì bá ń kú, báwo ni yóò ṣe máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn? Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìjà kiri. Òmíràn á máa gbé ojú kúrò lára ẹni tó fẹ́ kú nítorí pé adùn tó wà níbẹ̀ ń dẹ́rù bà á. Èyíkéyìí tí o bá mú nínú méjèèjì, ìwà gidi lo mú, inú agbára rẹ̀ gan-an lo sì ti rí i.

Èkejì ni Archfey, àwọn ọba àti ayaba ilẹ̀ iwin, bíi Titania. Iwin kì í rajà bí ànjọ̀nú. Ohun tó bá ṣáà ti wù ú ló ń béèrè, ó sì lè má jọ ohun iyebíye lójú ẹni tó ń fi í sílẹ̀. Warlock ti Archfey lè mú kí àwọn tó yí i ká ní ẹsẹ̀ bàtà 10 nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójijì tàbí kí jìnnìjìnnì bò wọ́n. Tó bá dé ìpele 6, bí wọ́n bá gbá a, ó lè pòórá kó sì yọ níbòmíràn tó tó ẹsẹ̀ bàtà 60 sí ibẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á mọ́ra láti máa yẹ nǹkan sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni Great Old One, a ó bá a nínú lẹ́tà kan nísàlẹ̀.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan tó wà lórí tábìlì mi hàn ọ́. Òṣèré kan mú Warlock tó jẹ́ atukọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé lóru, ayaba iwin kan sì na ọwọ́ sí i nínú omi, ó ní, "Fún mi ní orúkọ tí ìyá rẹ máa ń pè ọ́." Ó fún un. Láti ìgbà náà, orúkọ tí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n sí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn náà fúnra rẹ̀ kò sì rántí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Ohun tí òṣèré yẹn wá ń ṣe rèé: bí ẹnikẹ́ni bá pè é lórí tábìlì, ó máa ń pẹ́ kó tó dáhùn, bí ẹni pé ó kọ́kọ́ ń wádìí bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Cleric ẹgbẹ́ náà fẹ́ gbàdúrà fún gbogbo wọn, ó sì ní kí kálukú dárúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó kan atukọ̀ náà, ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ìdí ọkọ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Kò sí dáìsì kankan tó yí lórí tábìlì lákòókò yẹn.

Èyí já sí ohun kan tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ òṣèré tuntun gbà pé ẹni tó ní àṣírí gbọ́dọ̀ fìlà bojú, kó jókòó sí kọ̀rọ̀, kó má sọ̀rọ̀. N kò fara mọ́ ọn rárá. Charisma ni Warlock fi ń pidán, ìyẹn ni pé agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ àti bó ṣe ń dúró níwájú ènìyàn. Ẹni tó bá ànjọ̀nú dúnàá dúrà kò ní í máa kólòlò níwájú ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè. Jẹ́ kó lọ́yàyà. Jẹ́ kó dáhùn gbogbo ìbéèrè àfi ẹyọ kan, kó sì máa yẹ ẹyọ kan yẹn sílẹ̀ lọ́nà kan náà nígbà gbogbo. Àwọn tó kù á rí i láìpẹ́, ọkàn wọn kò sì ní í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Burúkú kọ́ ni dandan. Ẹni tó mulẹ̀ pẹ̀lú ànjọ̀nú kí ọmọ rẹ̀ má bàa kú kì í ṣe ènìyàn burúkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè tó jẹ burú. Láti 2017 sì ni àṣàyàn Celestial ti wà, tí baba ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀dá ìmọ́lẹ̀, tí Warlock sì lè fi agbára rẹ̀ wo ọgbẹ́ ènìyàn sàn.

Kí o tó padà sídìí tábìlì, kọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn rẹ ń wá lọ́jọ́ náà, kí o sì kọ ohun tí wọ́n ní kó san. Lẹ́yìn náà, fi àyè kan sílẹ̀ fún gbólóhùn kan nínú àdéhùn náà tí òun fúnra rẹ̀ kò yé. Má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Fún DM rẹ.

Àǹtí, ìpele 5 ni gbogbo ẹgbẹ́ wa wà. Ọ̀rẹ́ mi tó mú Wizard ní àyè idán 9 lójúmọ́, ìyẹn iye ìgbà tó lè pa idán tó lágbára, èmi Warlock ní 2 péré. Bí ìjà bá ti le, mo ti lò ó tán kí òun tó mí. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n rẹ́ mi jẹ báyìí?
*Aláyè méjì*

Wọn kò rẹ́ ọ jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí tábìlì yín máa rẹ́ ọ jẹ láìmọ̀. Jẹ́ ká ka àyè ọ̀rẹ́ rẹ wò. Idán náà ní ìpele tirẹ̀, bó bá ṣe ga ló ṣe lágbára tó. Nínú 9 yẹn, 4 jẹ́ ti idán ìpele kìíní, 3 jẹ́ ti ìpele kejì, 2 péré ló jẹ́ ti ìpele kẹta. Méjèèjì tìrẹ ti ìpele kẹta ni. Àyè tirẹ̀ kì í padà àfi tó bá sùn mọ́jú, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tó lè rí gbà padà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó bá sinmi. Tìrẹ ń padà wá pátá lẹ́yìn ìsinmi kúkúrú, wákàtí kan péré. Bí ẹgbẹ́ yín bá sinmi lẹ́ẹ̀mejì láàárín òwúrọ̀ àti alẹ́, ìwọ á ti pidán ìpele kẹta lẹ́ẹ̀mẹfà, òun á sì ti pa á lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tábìlì kì í sinmi. Wọ́n á ja ìjà ńlá kan lójúmọ́, wọ́n á sì lọ sùn. Lórí irú tábìlì bẹ́ẹ̀, Warlock á máa rí bí ẹni tí kò tó nǹkan, kò sì sí ẹ̀bi rẹ̀ níbẹ̀. Sọ ọ́ síta fún wọn. Sọ fún DM pé o nílò wákàtí kan láàárín ìjà, kó fi yàrá tó ṣeé tì tàbí ihò àpáta kan sójú ọ̀nà. Jagunjagun inú ẹgbẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, nítorí pé ìsinmi kúkúrú ń dá nǹkan padà fún òun náà.

Ohun tó kù tí o kò mẹ́nu bà ni Eldritch Blast, idán ìtànṣán tí Warlock fi ń jà, òun sì ni gbogbo ẹ̀. Kì í gba àyè idán rárá. Láti ọwọ́ rẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 120 ló ń rìn. Ní ìpele rẹ yìí, ìtànṣán méjì ló ń jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú dáìsì olójú 10 tirẹ̀. Á di mẹ́ta ní ìpele 11, á di mẹ́rin ní 17. Tí o bá mú Agonizing Blast, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí à ń pè ní Invocation, Charisma rẹ á wọ inú ìtànṣán kọ̀ọ̀kan. Tí o bá tún mú Repelling Blast, ìtànṣán kọ̀ọ̀kan tó bá kan ènìyàn á tì í sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Mo ti rí Warlock kan tó dúró ní orí afárá tóóró kan, tí òmìrán kan ń sáré bọ̀ wá bá a. Ìtànṣán kìíní kàn án, ó fà sẹ́yìn. Ìkejì kàn án, kò sí afárá lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Òmìrán náà kò rí ààyè fi kùmọ̀ rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni.

Kí o tún wo Hex, idán ègún tí Warlock máa ń fi lé ọ̀tá lórí. Tí o bá fi àyè ìpele kẹta pa á, wákàtí 8 ló ń bá ọ gbé, níwọ̀n ìgbà tí ọkàn rẹ kò bá ṣáko kúrò lórí rẹ̀. Ìsinmi kúkúrú kì í ṣe oorun. Pa Hex láàárọ̀, sinmi wákàtí kan, àyè rẹ méjèèjì á pé, Hex náà á ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Láti ìgbà náà, ìtànṣán kọ̀ọ̀kan tó bá kan ẹni tí o fi Hex lé lórí á gba dáìsì olójú 6 kún un. Bí ẹni yẹn bá kú, o lè gbé e lé ẹlòmíì lórí.

Ní ti Invocation, ìyẹn àwọn ẹ̀bùn kéékèèké tí kì í tán, mẹ́ta ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ báyìí. Devil's Sight ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré mú, kó lè máa ríran nínú òkùnkùn tó jẹ́ ti idán, kó wá pa idán Darkness, tó ń da òkùnkùn bo ibì kan, sí ojú ìjà, kó máa gbá ọ̀tá tí kò ríran. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ náà kò ní í ríran nínú òkùnkùn yẹn, jagunjagun yín á sì máa fi idà wá afẹ́fẹ́ kiri. Kọ́kọ́ bá wọn sọ ọ́.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni Mask of Many Faces. Ó jẹ́ kí Warlock yí ìrísí rẹ̀ padà nígbàkígbà tó bá wù ú, láìná àyè idán kankan. Kì í ṣe ara rẹ̀ ló yí padà, ojú àwọn tó ń wò ó ló ń tàn jẹ, nítorí náà ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lè mọ̀. Rò ó wò: ẹni tó lè jí lójoojúmọ́ kó yan ojú tó wù ú. Ta ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí gan-an? Mo mọ òṣèré kan tó pinnu pé Warlock òun kò ní í bọ́ ojú náà sílẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni láéláé, kódà nígbà tó bá ń sùn, wákàtí kan péré sì ni ẹ̀tàn náà máa ń fi wà. Ó wá di pé ó ń jí ní wákàtí-wákàtí lóru láti tún un ṣe. Kò sí òfin kan tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwà tó ti inú agbára jáde nìyẹn.

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, ń ṣe eré tí ó ti ń sọ nípa àdéhùn pẹ̀lú ànjọ̀nú. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń já mi láyà. Kí ni kí n ṣe?
*Ìyá kan tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀*

Ẹ̀yin ìyá wa, mo kí yín fún ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí ti ba ọ̀pọ̀ òbí ṣáájú yín. Láàárín ọdún 1980 sí 1990, ariwo rẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà débi pé nígbà tí wọ́n tún ìwé òfin ṣe ní 1989, àwọn tó ni eré náà yọ orúkọ ànjọ̀nú kúrò, wọ́n fi orúkọ tí wọ́n hun fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá ni wọ́n dá a padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lórí tábìlì náà fún yín. Bébà, pẹ́ńsùlù, àti dáìsì oríṣiríṣi, títí dé èyí tó lójú 20. Bí ẹ bá ṣí ìwé òfin sí ibi tí wọ́n kọ idán sí, ẹ ò ní í rí ọ̀rọ̀ kan tí ọmọ lè pè. Lẹ́tà V ni wọ́n kọ síbẹ̀ láti fi hàn pé ẹ̀dá-ìtàn náà ń fẹnu sọ nǹkan, kò sì sí ohun tó ń sọ nínú ìwé. Ọmọ yín á sọ pé, "Mo pa Hex lé e lórí," á ju dáìsì, wọ́n á sì ka nọ́ńbà. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, n kò ní sọ pé kí ẹ gbé ọkàn yín kúrò. Ẹ ní kí ọmọ náà jókòó tì yín, kó sì sọ ìtàn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ fún yín. Ẹ bi í pé kí ló dé tí ó fi mulẹ̀, àti bó ṣe fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó bá sọ á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí ẹ lè rí nínú ìwé òfin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá DM wọn sọ̀rọ̀. Àwọn DM tó mọ iṣẹ́ máa ń kó gbogbo òṣèré jọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí kálukú sọ ohun tí kò fẹ́ kó yọjú nínú ìtàn. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ànjọ̀nú bá ṣì ń dun yín lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Archfey àti Celestial wà tí ọmọ yín lè yí sí, eré rẹ̀ kò sì ní í dín kù.

Ẹ̀gbọ́n, èmi náà jẹ́ DM. Òṣèré mi kan mú Great Old One, ìwé sì sọ pé baba ìsàlẹ̀ náà lè má mọ̀ pé Warlock rẹ̀ wà láyé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tí kò sì bìkítà, ṣe ìtàn?
*DM tó ń wá ohùn*

Ẹ ṣeun, ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi gan-an. Fiend ní ohun tó ń wá, Archfey ní ohun tó wù ú. Great Old One bíi Tharizdun tóbi ju kéèyàn mọ ohun tó fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ má fún un ní ohùn. DM tó bá jẹ́ kó sọ̀rọ̀ nínú àlá, kó máa rán Warlock níṣẹ́, ti sọ ọ́ di ànjọ̀nú mìíràn tó kàn ní ọwọ́ púpọ̀ lára.

Ẹ lọ wo agbára tí ìwé fún Warlock yẹn ní ìpele kìíní, tí wọ́n ń pè ní Awakened Mind. Ó lè sọ̀rọ̀ sínú ọkàn ẹni tó bá rí ní ẹsẹ̀ bàtà 30, kódà bí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn. Ṣùgbọ́n agbára náà kò fún ẹni yẹn ní ọ̀nà láti fi ọkàn fèsì. Ọ̀rọ̀ kàn ń wọlé tọ̀ ọ́ lọ ni, kò sì rí ibi tó lè gbà dá a padà. Ohun tí baba ìsàlẹ̀ náà ṣe fún Warlock nìyẹn gan-an, Warlock sì ti ń ṣe é fún àwọn ẹlòmíì láìfura. Tó bá dé ìpele 14, ó lè fọwọ́ kan ẹni tí kò lè gbéra, kó sì sọ ọ́ di ẹrú ọkàn rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀dá-ìtàn yẹn ń tọ̀ hàn kedere. Iṣẹ́ yín ni pé kí ẹ jẹ́ kó máa rí i díẹ̀díẹ̀.

Bí èmi bá jẹ́ yín, mi ò ní rán an níṣẹ́ rárá. Mo máa yí ohun kékeré padà láyìíká rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá lo àyè idán rẹ̀ méjèèjì tán, iná àbẹ́là tó wà nítòsí á tẹ̀ sí apá ibì kan náà, láìka ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. N kò ní ṣàlàyé. Mo máa jẹ́ kó lọ tọ́jú máàpù, kó fa ìlà, kó máa rò ó. Bí ẹgbẹ́ bá wá dé ibi tí gbogbo ìlà náà ti pàdé, kí ẹ jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo. Àbẹ́là tí wọ́n bá tàn síbẹ̀ á dúró gbọnrangandan. Òṣèré yín á bi yín pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ẹ bi í pé kí ni Warlock rẹ̀ rò pé ó túmọ̀ sí, kí ẹ sì fi ohun tó bá sọ ṣiṣẹ́. Àwọn òṣèré máa ń ronú kan ohun tó dẹ́rù bani ju èyí tí DM múra sílẹ̀ lọ.

Ṣé Warlock mi lè kọ baba ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó sì mú agbára náà lọ?
*Ẹni tí ọrùn ń wọ̀*

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ìwọ àti DM bá fẹnu kò. Ìwé 2014 kò kọ ọ́ síbìkankan pé agbára á pòórá bí Warlock bá ṣọ̀tẹ̀. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn DM ni pé kí wọ́n má fi ìbínú baba ìsàlẹ̀ gba agbára lọ́wọ́ òṣèré láàárín ìjà. Ìyẹn ń ba eré jẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo nígbà tí àwọn tó kù ń gbádùn tiwọn. Ẹ rán agbowó-gbèsè sí i dípò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Warlock mìíràn tó mulẹ̀ pẹ̀lú baba ìsàlẹ̀ kan náà yọ sí i ní ojú ọ̀nà, tí òun náà ní Eldritch Blast.

Ìwé òfin 2024 ni àwa ń lò. Níbẹ̀, ìpele 3 ni Warlock tó ń yan baba ìsàlẹ̀. Ta ló wá ń fún un lágbára ní ìpele 1 àti 2?
*Ẹni tó fẹ́ mọ̀ dájú*

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí àyípadà yìí. Èmi fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìwé 2014, ọjọ́ kìíní lo ti ń mọ ọ̀gá rẹ. Ní ti 2024, Warlock ti ní idán àti Invocation kan lọ́wọ́ láti ìpele kìíní, orúkọ ẹni tó ń bá lò nìkan ni kò tíì sí lórí bébà rẹ̀. Ẹ lo àyè yẹn dáadáa. Jẹ́ kó gbà gbọ́ pé inú ìwé àtijọ́ kan tó rí ni agbára náà ti ń wá, tàbí pé òun fúnra rẹ̀ ló ní i. Jẹ́ kó máa fi yangàn níwájú Wizard ẹgbẹ́. Òṣèré àti DM lè ti mọ ẹni náà láàárín ara wọn, kí àwọn tó kù má mọ̀.

Tí ẹ bá wá dé ìpele 3, kí DM má kàn ní kí ó kọ orúkọ sílẹ̀. Kó jẹ́ kí ẹni náà wá fúnra rẹ̀, ní ibi tí ẹgbẹ́ ti jókòó, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo idán tí Warlock náà ti pa láti ìpele kìíní, ọjọ́ tó pa á àti ẹni tó pa á sí. Kó kà á sókè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kó sì béèrè bí ó ṣe fẹ́ san án. Ìwé 2024 tún fi ohun kan sí ìpele 9 tí wọ́n ń pè ní Contact Patron: Warlock lè pe baba ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní tààrà lẹ́ẹ̀kan láàárín ìsinmi gígùn kan sí èkejì, kó bi í ní ìbéèrè, láìná àyè idán kankan. Nítorí náà, DM, ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn. Ẹ máa nílò rẹ̀ nígbà tí ìpè náà bá wọlé.